Bí mo ṣe fi géèmù gbé ilé Màmá Pópó dìde

Ọdún 2019 ni wọ́n wó ilé tí wọ́n bí màmá mi sí ní Pópó Àgùdà, l'Ékòó. Mọ̀lẹ́bí ló tà á, ẹni tó rà á sì kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́rin síbẹ̀. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ohun tó ká mi lára ni pé kò sí ibì kankan mọ́ tí mo lè mú àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dé kí n ní, "Ẹ wò ó, ibí yìí ni Màmá Pópó, ìyá màmá mi, máa ń jókòó sí." Fọ́tò mọ́kànlá ló kù. Méje nínú rẹ̀ jẹ́ fọ́tò ìnáwó, aṣọ ẹbí ló kún inú wọn, ilé ò hàn.

Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó gba òmìnira lóko ẹrú ní Bràsíìlì àti Kúbà, tí wọ́n padà wálé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ló tẹ Pópó Àgùdà dó. Wọ́n mọ iṣẹ́ bíríkìlà, wọ́n mọ iṣẹ́ káfíńtà, wọ́n sì fi ọwọ́ wọn sílẹ̀ lára ògiri Èkó. Ilé Ìlòjo ní Tinúbú, tí wọ́n kọ́ ní 1855, tí ìjọba sì ti kà mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè láti 1956, wọ́n wó o ní oṣù kẹsàn-án 2016. Bí irú ìyẹn bá lè lọ, ta ni yóò gbèjà tiwa?

Mo wá pinnu pé màá tún un kọ́ sínú géèmù, kí èèyàn lè rìn nínú rẹ̀. Oṣù márùn-ún ló gbà mí, lálaalẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́, nínú yàrá mi ní Ṣómólú. Mo kọ gbogbo ohun tó bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ síbí fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe ti ilé tirẹ̀.

Ohun èlò: láptọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ ọdún 2013 tí RAM rẹ̀, ìyẹn ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́, jẹ́ 4GB, fóònù mi, téèpù tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ, ìwé ẹ̀kọ́ olójú-ewé 80, àti áàpù mẹ́ta tí wọn kì í gba owó wọn: Godot 4 fún géèmù fúnra rẹ̀, LibreSprite fún àwòrán, Audacity fún ohùn.

1. Wíwọn ilé tí kò sí mọ́

Mo ní kí màmá mi yà á fún mi. Wọ́n mú bírò, wọ́n ya igun mẹ́rin, wọ́n dúró. "Mi ò mọ̀ ọ́n báyìí," ni wọ́n wí. Wọ́n bá dìde, wọ́n bọ́ sí àgbàlá wa, wọ́n di ojú, wọ́n sì gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè sí ẹ̀gbẹ́ orí bí ẹni tó ń di garawa mú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. "Kànga nìyí. Ilé ìdáná nìyí. Ẹ̀yìnkùlé nìyí, mo ti wọlé báyìí." Èmi ń tẹ̀ lé wọn, mò ń fi ẹfun sàmì sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn tí kò sí níbẹ̀, wọ́n gbé ẹsẹ̀ sókè.

Mo fi téèpù wọn ọ̀nà àárín ilé láti àmì dé àmì: ẹsẹ̀ bàtà 24. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin, tí mo pè lórí fóònù, ní irọ́ ni, kò ju 18 lọ. Fọ́tò kẹrin, níbi tí ilẹ̀kùn pálọ̀ ti hàn, gbè sí ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n: bí mo bá ka ilẹ̀kùn yẹn sí ẹsẹ̀ bàtà méje, 18 ló sún mọ́ òótọ́.

Mo lo 24. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni màmá mi nígbà tí wọ́n ń gbé omi kọjá níbẹ̀, lójú ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ru omi, 24 ni. Mo fi ẹsẹ̀ bàtà kan ṣe píksẹ́lì mẹ́rin (píksẹ́lì ni àmì tínńtín aláwọ̀ tí wọ́n fi ń to àwòrán ojú ẹ̀rọ), nítorí náà ọ̀nà náà di píksẹ́lì 96 dípò 72. Níwọ̀n bí ọmọ tó ń gbé omi nínú géèmù ti ń rin píksẹ́lì 20 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyàtọ̀ méjèèjì lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ojú lè má rí i, àmọ́ ọwọ́ tó tẹ kíbọ́ọ̀dù mọ́lẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n.

2. Ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣòfò

Mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ́ ilé náà ní 3D. Mo ṣe ògiri, mo ṣe àtẹ̀gùn, mo ṣe bákónì. Nígbà tí mo gbé e sínú Godot, láptọ́ọ̀pù gbóná débi pé mi ò lè gbé e lé itan, fíréèmù mẹ́jọ péré, ìyẹn àwòrán mẹ́jọ tó ń tẹ̀ lé ara wọn, ló sì ń rí yà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mo lọ ra RAM 4GB sí i ní Computer Village n'Íkẹjà, ₦14,000. Mo délé, mo kì í bọ̀ ọ́, ojú ẹ̀rọ dúdú kirimú. DDR3 ni wọ́n tà fún mi, DDR3L sì ni láptọ́ọ̀pù mi ń lò. Iná tí DDR3L ń lò kéré sí ti DDR3. Ẹ̀bi tèmi ni, mi ò tú tinú rẹ̀ wò kí n tó jáde. Ẹni tó tà á bá mi pààrọ̀ rẹ̀, mo fi ₦3,000 kún un. Ẹ tú RAM yín, ẹ mú un dání lọ sí ọjà, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi wéra lójú yín.

RAM 8GB náà ò gba 3D là. Mo kó o dà nù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yà á ní 2D, ilé tí a là sí méjì bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ la búrẹ́dì, kí ìsàlẹ̀ àti òkè lè hàn pọ̀. Òun gan-an ló yẹ kí n fi bẹ̀rẹ̀.

3. Yíyàwòrán

Ojú géèmù jẹ́ píksẹ́lì 320 ní ìbú, 180 ní gíga. Bí ẹ bá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, ó di 1280×720 géérégé, kò ní ṣẹ́ kù. Àwọ̀ 12 ni mo fún ara mi, mi ò sì kọjá rẹ̀: mẹ́ta fún ògiri tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí, méjì fún igi, ọ̀kan fún ọ̀run tí a ń rí láti àgbàlá, ìyókù fún èèyàn, omi àti gíláàsì.

Fèrèsé ló dà mí láàmú. Fèrèsé ilé Àgùdà máa ń ní orí kọdọrọ, wọ́n á sì fi gíláàsì aláwọ̀ sí òkè rẹ̀. Mo yà á sínú píksẹ́lì 16, ó dà bí òkúta orí sàréè. Mo yà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ìrísí sàréè ò kúrò. Ní Sátidé kan mo wọ mọ́tò lọ sí CMS, mo fẹsẹ̀ rìn láti Campos Square gba Bamgbose títí dé Kakawa, níbi tí Ilé Omi ti ìdílé da Rocha wà, ilé tí wọ́n ti ń ta omi kànga fún ará Èkó láyé àtijọ́. Mo dúró sí òdìkejì títì, mo tẹjú mọ́ fèrèsé àwọn ilé tó kù ní àdúgbò yẹn. Ohun tí mo rí ni pé símẹ́ǹtì tí wọ́n fi ṣe ẹ̀ṣọ́ yí fèrèsé ká yọ síta lára ògiri, oòrùn ń mú un láti òkè, òjìji sì wà lábẹ́ rẹ̀. Mo délé, mo fi ìlà píksẹ́lì kan tó mọ́lẹ̀ sórí fèrèsé, mo fi òmíràn tó dúdú sábẹ́ rẹ̀. Fèrèsé dé. Ìlà méjì ló fa wàhálà ọjọ́ mẹ́sàn-án.

4. Kí ni èèyàn yóò máa ṣe nínú ilé náà?

Ibí ni mo ti kọ́gbọ́n jù, ibẹ̀ náà ni mo sì ti ṣì í jù.

Iṣẹ́ inú géèmù náà kò le: ọmọ kékeré fa omi ní kànga, ó fi òṣùká sórí, ó gbé garawa lé e, ó gba ọ̀nà àárín ilé, ó gun àtẹ̀gùn lọ bá ìyá àgbà lókè, ó da omi sínú àmù. Nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́, mo fi aago sí igun òkè, ìṣẹ́jú-àáyá 40. Mo fi owó wúrà sílẹ̀ kí ọmọ máa ṣà á. Mo fi máàkì sí i. Mo rò pé láìsí ìwọ̀nyí kì í ṣe géèmù.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ló kọ́kọ́ ta á. Ó sáré, ó ṣa gbogbo owó, ó parí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 31, ó ní, "Bùọ̀dá, ó ti tán." Kò wo ilé náà rárá. Fèrèsé tí mo fi ọjọ́ mẹ́sàn-án yà, kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Màmá mi jókòó tì wá, wọ́n ń wò ó. Wọ́n béèrè pé, "Ta ló ń lé e?"

Mi ò rí èsì fún wọn. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo yọ aago kúrò. Mo yọ owó, mo yọ máàkì. Ohun gbogbo tó ń lé ọmọ náà ni mo yọ. Mo wá fi ohun kan rọ́pò wọn: bí o bá yára, omi á máa dà. Bí o bá rọra, ó máa dé òkè. Garawa á sì máa mì lórí ọmọ náà ní píksẹ́lì kan sọ́tùn-ún, píksẹ́lì kan sósì.

Ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ pé èyí lè tó ni Passage, géèmù tí Jason Rohrer ṣe ní 2007. Ojú rẹ̀ fẹ̀ ní píksẹ́lì 100, ó ga ní 16 péré, ìṣẹ́jú márùn-ún ló sì fi ń parí. Èèyàn kan ń rìn láti òsì sọ́tùn-ún, ó ń dàgbà, ó ń darúgbó, ó kú. Ní 2012, nígbà tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé iṣẹ́ ọnà òde òní ní New York, MoMA, kó géèmù 14 àkọ́kọ́ wọlé, ó wà lára wọn pẹ̀lú Pac-Man àti Tetris. Àwọn kan ṣì ń bá mi jiyàn pé géèmù kì í ṣe iṣẹ́ ọnà, pé eré ọmọdé ni. Èmi ti rí i lórí tèmi: agbẹ́gilére ń fi igi sọ̀rọ̀, onílù ń fi awọ sọ̀rọ̀, ẹni tó ń ṣe géèmù ń fi ohun tó ní kí ọwọ́ ẹlòmíràn ṣe sọ̀rọ̀. Àwòrán mi kò yí padà láàárín ẹ̀dà kìíní àti èkejì. Ohun tí ọwọ́ ń ṣe ló yí padà, ilé náà sì di ilé mìíràn.

Nígbà tí màmá mi ta ẹ̀dà kejì, wọ́n gbé garawa, wọ́n rìn ìgbésẹ̀ mẹ́ta, omi dà díẹ̀. Wọ́n ní, "Ewé ńkọ́?"

Ewé wo?

"Ewé tí a máa ń fi lé omi lórí, kó má baà máa dà." Wọ́n ní igi fúrúùtù kan wà ní àgbàlá, ewé rẹ̀ fẹ̀, àwọn á já ọ̀kan tàbí méjì, àwọn á tẹ́ ẹ sójú omi inú garawa, omi ò ní ru mọ́. Mi ò gbọ́ nípa igi yìí rí. Kò sí nínú fọ́tò kankan. Ìgbà tí garawa mì lójú wọn ni wọ́n tó rántí.

Mo ya igi fúrúùtù náà lóru ọjọ́ yẹn. Bí o bá dúró lábẹ́ rẹ̀ kí o tó fa omi, ewé kan á já bọ́, o lè mú un. Géèmù náà kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rò ó lọ rò ó bọ̀ bóyá kí n kọ ọ́ sójú rẹ̀, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sójú fún màmá mi náà.

5. Omi tó ń tán lójú ọ̀nà

Lórí láptọ́ọ̀pù mi, ẹni tó bá sáré láti kànga dé òkè, nǹkan bí ìdá mẹ́rin omi ló kù fún un. Mo gbé géèmù lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi ní Yábàá, tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ jẹ́ tuntun. Omi tán pátápátá ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Mo rò pé kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ló ń tẹ̀ ju. Mo fi ìrọ̀lẹ́ méjì wá ohun tí kò sí.

Ìlà tó fa á nìyí, mo kọ ọ́ sínú `_process`:

`omi -= 0.2`

Ìlà yẹn ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan fún fíréèmù kọ̀ọ̀kan. Láptọ́ọ̀pù mi ń sáré fíréèmù 30, nítorí náà omi mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún ló ń dà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ mi ń sáré 60, ìyẹn ni 12. Mo gbé e lọ sínú `_physics_process`, tí Godot máa ń pè ní iye ìgbà kan náà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lórí gbogbo ẹ̀rọ, mo sì sọ ọ́ di:

`omi -= 6.0 * delta`

`delta` ni iye ìṣẹ́jú-àáyá tó kọjá láti ìgbà tí ìlà náà ṣiṣẹ́ gbẹ̀yìn. Bí ewé bá wà lójú omi, 6.0 á di 2.0. Láti ìgbà náà, bákan náà ni omi ń dà lórí gbogbo ẹ̀rọ. Ohunkóhun tó bá jẹ mọ́ àkókò, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po `delta` láti ọjọ́ kìíní.

6. Àmì ohùn

Gbólóhùn mẹ́fà péré ló wà nínú géèmù náà. Ìyá àgbà máa ń sọ pé, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. O káre." Lójú ẹ̀rọ, ó di "Pẹ□lẹ□". Lẹ́tà píksẹ́lì tí mo gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ẹ, ó ní à, kò mọ ẹ́. Nínú Unicode, ìlànà tí ẹ̀rọ fi ń mọ lẹ́tà, ẹ́ kò ní àyè tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan. Ẹ ni, tí a wá gbé àmì òkè lé lórí. Bí lẹ́tà yín ò bá ní àmì tó ń gun orí lẹ́tà mìíràn, àpótí òfìfo lẹ máa rí.

Ẹnìkan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n yọ àmì kúrò, pé Yorùbá á ṣáà yé wọn. Mi ò gbà. Igbá wà nínú géèmù mi, ìgbà náà wà níbẹ̀, mi ò ní jẹ́ kí wọ́n di nǹkan kan náà nínú ilé màmá màmá mi. Mo lo irú lẹ́tà tí wọ́n ń pè ní Noto Sans, ó kọ gbogbo rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n nínú ojú 320×180 ó fọ́ bí ìgbà tí eku jẹ ẹ́. Àtúnṣe rẹ̀ wà ní Project Settings: mo yí stretch mode kúrò ní `viewport` sí `canvas_items`. Èkíní ń ya ohun gbogbo kékeré kó tó fẹ̀ ẹ́. Èkejì ń fẹ àwòrán, ó sì ń ya lẹ́tà ní ìwọ̀n ojú ẹ̀rọ gan-an. Lẹ́tà mọ́ gaara.

7. Ohùn omi nínú àmù

Níwọ̀n ìgbà tí kò sí máàkì, ohùn omi tó ń wọ inú àmù nìkan ni èrè ẹni tó rọra rìn. Ó ní láti jẹ́ òótọ́.

Ìgbà àkọ́kọ́, mo da omi sínú dúrọ́ọ̀mù rọ́bà ní bálùwẹ̀, mo fi fóònù gbà á. Màmá mi wà ní yàrá kejì nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ké láti ibẹ̀ pé, "Rọ́bà nìyẹn." Mo wá àmù káàkiri títí mo fi rántí pé àǹtí màmá mi ní Múṣin ní ọ̀kan tí wọ́n gbin òdòdó sí. Wọ́n ní kí n wá hú òdòdó náà. Mo fọ àmù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo bu omi sí i dé ìdajì, nítorí àmù òfìfo máa ń ké jù. Jẹnẹrétọ̀ àdúgbò ò jẹ́ kí n rí nǹkan gbà títí di aago mẹ́rin ààbọ̀ òwúrọ̀. Fóònù wà ní ẹsẹ̀ bàtà kan sí ẹnu àmù, ohùn fọ́. Mo sún un sí mẹ́ta, mo fi aṣọ ìnura ká ìdí rẹ̀. Ìgbà keje ló dára. Ó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń ga sókè bí àmù ti ń kún. Mo gé e sí mẹ́rin nínú Audacity, kí ohùn lè bá ìwọ̀n omi tó dé òkè mu.

8. Owó

RAM ₦14,000 àti ₦3,000 tí mo fi kún un, máòsì ₦4,500, dátà oṣù márùn-ún ₦18,000, bẹtiróòlù fún jẹnẹrétọ̀ ₦41,000, fọ́tò tí mo tẹ̀ gbàǹgbà ní Ṣómólú ₦2,400, ọkọ̀ ₦9,600. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦92,500. Bẹtiróòlù ló jẹ owó jù, bí ẹ bá ní ibi tí iná ti ń dúró, ẹ máa ṣe iṣẹ́ yín níbẹ̀.

9. Gbígbé e jáde

Mo gbé e sórí itch.io, ìkànnì tí wọ́n ń pín géèmù sí, ọ̀fẹ́ ni. Lórí fóònù ojú rẹ̀ kọ́kọ́ dúdú. Mo pa thread support (fífi ọ̀nà púpọ̀ ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà) nígbà tí mo ń gbé e jáde fún wẹ́ẹ̀bù, èyí tí Godot 4.3 fàyè gbà, ó sì ṣí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tún un ta. Ó kọ́kọ́ sáré, omi dà, ó rí ilẹ̀ tó tutù lẹ́yìn rẹ̀, ó dúró. Ó padà lọ sí kànga. Nígbà kẹta ó dúró lábẹ́ igi, ewé já bọ́. Nígbà tó dé òkè, ohùn àmù ròkè títí dé ẹnu rẹ̀, kò sọ pé ó ti tán. Ó bi mí pé, "Ta ni màmá yẹn?" Màmá mi ló dá a lóhùn, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó dákẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gba máòsì, wọ́n rìn lọ sókè fúnra wọn, wọ́n dúró ní yàrá Màmá Pópó láìṣe nǹkan kan. Wọ́n ní fèrèsé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, apá òsì ló wà, mo fi sí apá ọ̀tún. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ máa ń bọ́ sójú màmá wọn kí wọ́n tó jí.

Mo ti gbé e sí òsì, mo sì ti fi ìlà ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta sórí ìrọ̀rí. Ẹ̀dà 1.1 ti wà níbẹ̀ láti alẹ́ Sátidé.